Fíólọ́ọ̀nù Tí Mo Gbẹ́ Láìgba Ìtúsílẹ̀

Ràímì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe mí ní ibi. Mo dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọjọ́ orí ti mú mi gbàgbé, tàbí pé mo ti di arúgbó tí ń fi ẹ̀rín bo egbò mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ohun tí ẹ ó fi ọwọ́ yín ṣe. Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n a kì í sọ ìtàn oko ká má dárúkọ ẹni tó da iná sí i.

Fíólọ́ọ̀nù ni mo ń gbẹ́. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní fáólíìnì. Ohun èlò orin olókùn mẹ́rin ni, èyí tí a ń gbé sí abẹ́ àgbọ̀n, tí a sì ń fi ọ̀pá onírun ẹṣin fà kí ó lè fọhùn. Ìdílé mi ń retí pé n ó di olùkọ́. Bàbá mi ti rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́, mo sì ti ka ìwé dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ìgbà wa kò dé. Ìsinmi ni mo wá lò lọ́dọ̀ àǹtí bàbá mi ní Sakẹ́tẹ́, tí mo ń gba ẹ̀yìn ilé kan kọjá, tí mo gbọ́ ohùn kan.

Kì í ṣe orin. Ọkùnrin arúgbó kan ló dúró nínú àgbàlá, ó gbé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ etí, ó ń fi ìka kàn án. Pákó náà dáhùn. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó mọ́, ó sì ń bá a lọ lẹ́yìn tí ìka ti kúrò lára rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ju òkúta sínú kànga tí ó ń retí ìsàlẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú garawa omi lórí, omi ń dà sí mi lọ́rùn, n kò mọ̀. Títí dòní, bí mo bá rántí ohùn yẹn, irun apá mi a dìde.

Arúgbó náà rí mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, omi ń tán lórí rẹ o."

Mo ní, "Bàbá, kí ni ẹ ṣe fún pákó yẹn tó fi ń sọ̀rọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "N kò ṣe nǹkan kan fún un. Mo kàn gé ohun tí kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni."

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ nìyẹn. Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. "Ìwé tí mo rán ọ lọ kà, ṣé igi ni wọ́n fi kọ ọ́?" Àǹtí mi ló bẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọ tí wọ́n bá sọ ní Ìdòwú, ẹni tó bá tẹ̀ lé ìbejì wá sáyé, a kì í fa ìyẹn lẹ́tí kí ó gbọ́. Owó ìkọ́ṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Orúkọ arúgbó náà ni Ògúnlàyè, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ni gbogbo ayé ń pè é. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣiṣẹ́ káfíńtà fún fada òyìnbó kan ní Àjàṣẹ́ tó mọ bí a ṣe ń tún fíólọ́ọ̀nù ṣe. Fada yẹn kọ́ ọ, ó sì padà sí ìlú rẹ̀, Ọ̀gá sì gbé iṣẹ́ náà wá sí Sakẹ́tẹ́, sínú yàrá kan ní ilé ara rẹ̀, láàárín ilé ìdáná àti ọgbà ewúrẹ́. Níbẹ̀ ni mo bá Ràímì. Ọmọ ìdílé Mùsùlùmí oníṣòwò ni, ó dàgbà jù mí lọ, ó sanra, ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé Ọ̀gá ti tú òun sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ kí n tó dé, pé àánú arúgbó náà ló ń ṣe òun ni òun ṣe dúró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìtúsílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìlú ńlá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kọ́ṣẹ́ kò tíì ní iṣẹ́ títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi tú u sílẹ̀ ní gbangba. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní lìbérásíọ̀nù. Ọmọ iṣẹ́ a kúnlẹ̀, ọ̀gá a gbàdúrà fún un, a sì fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lójú àwọn àgbà oníṣẹ́. Ọ̀gá tiwa ní tirẹ̀: ọ̀bẹ ni ó máa ń fúnni, ọ̀bẹ tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ èèkù rẹ̀ láti ara igi awin, kí ó bá àtẹ́lẹwọ́ ẹni yẹn mu, kí ó má bá ti ẹlòmíràn mu. Ẹni tí a kò bá tú sílẹ̀ lè ṣiṣẹ́ jẹun, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ọmọ iṣẹ́, nítorí ẹni tí a kò tú kò lè tú ẹlòmíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀gá le. Ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ní àárọ̀, a gbọ́dọ̀ kí igi kí a tó kí òun. Ẹ kò ṣì mí gbọ́. Bí a bá wọlé, a ó lọ sí ibi tí àwọn pákó fara ti ògiri, a ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì fetí sí ìdáhùn wọn. Àwọn tó ń lọ sọ́jà a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ bá wa kí ìyàwó pákó náà o!" Ọ̀gá kì í dá wọn lóhùn. Tí a bá wá kúnlẹ̀ láti kí i, á ní, "Ìdòwú, èwo ni inú rẹ̀ kò dùn lónìí?" Òjò a máa yí ohùn igi padà, ọyẹ́ a máa yí i padà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ.

Oṣù pọ̀ tí n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo máa ń parọ́. Á ní, "Kí ni ó sọ?" Màá ní, "Ó dára, Ọ̀gá." Á ní, "Kò sọ bẹ́ẹ̀. Padà lọ kí i." Ràímì ní tirẹ̀ á kàn wọ́n gba-gba-gba bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn agbowó-orí, á sì jókòó. Ọ̀gá a wò ó, kì í bá a wí. Mo rò nígbà náà pé nítorí pé wọ́n ti tú u sílẹ̀ ni.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ní ilé-ìwé, wọ́n ti na ọwọ́ yẹn títí ó fi ń bẹ̀rù. Ràímì kì í pè mí ní Ìdòwú, "Ọlọ́wọ́ Òsì" ló ń pè mí. "Ọlọ́wọ́ Òsì, bá mi gbé omi, ọwọ́ ọ̀tún ni kí o fi gbé e o, mo fẹ́ mu ún!" Ọ̀gá gbọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Igi kò mọ òsì, kò mọ ọ̀tún. Ẹ̀rù ló mọ̀." Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó fi sí òsì. Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ fún mi rí láyé yìí.

Níbo ni a ti ń rí igi? Ẹ̀yìn fíólọ́ọ̀nù àti ìhà rẹ̀, igi ọ̀mọ̀ láti apá Ìta-Ìjẹ̀bú ni. Awin ni a fi ń ṣe èèkàn tí ń di okùn mú, nítorí ó le. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀, apá tí ń kọrin gan-an, kò sí igi wa tó lè ṣe é bí Ọ̀gá ṣe fẹ́. Inú òkú píánò ló ti ń rí i. Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, ó ń gba Sakẹ́tẹ́ kọjá lọ sí Pọ́bẹ̀. Píánò tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, tí ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí eku ti bímọ sínú rẹ̀, Ọ̀gá a ní kí wọ́n gbé e wá. A ó fi ọmọlanke gbé e láti ibùdókọ̀ bí òkú ọba.

N kò lè gbàgbé àkọ́kọ́ tí a ṣí lójú mi. Ọ̀gá yọ irin, ó yọ okùn, ó sì gbé pákó gbòòrò kan jáde láti inú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára rẹ̀, wọ́n tò tímọ́tímọ́ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya.

"Ilà kọ̀ọ̀kan, ọdún kan ni," ni Ọ̀gá wí. "Igi yìí dàgbà níbi tí omi ti ń di òkúta lórí ewé."

Mo ní, "Ọ̀gá, báwo ni igi ṣe ń yè níbẹ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni. Kò kánjú. Ìdí nìyẹn tó fi ní ohun tó pọ̀ láti sọ."

Ràímì ní, "Ọ̀gá, àwa náà ti dúró pẹ́. Ṣé àwa náà máa kọrin?"

Ọ̀gá ní, "Ìwọ sáré dàgbà ni, Ràímì."

Mo rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀rín yẹn ni Ràímì fi dì mí sínú.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? N kò ní kọ gbogbo rẹ̀ síhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó wá jókòó. Ọ̀bẹ la fi ń gbẹ́ ojú àti ẹ̀yìn títí wọn yóò fi rí bíi èèpo ẹyin tí a tẹ̀ díẹ̀. Àfọ́kù ìgò la fi ń ha á, ewé ìpín la fi ń pa á kó lè dán. Tí ojú náà bá ti fẹ́lẹ́ tó, Ọ̀gá a ní kí n gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kí n kọjú rẹ̀ sí oòrùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, oòrùn ń gba inú igi kọjá! Ó pọ́n bí ẹyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Mo rí òjìji ìka mi ní òdìkejì pákó. Mo ti kàwé nípa ìmọ́lẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo rí i. Mo sunkún. Ọ̀gá kò bi mí ní ìdí.

Wàyí o, àdánù. Ìjọ kan ní Pọ́bẹ̀ ní kí Ọ̀gá gbẹ́ fíólọ́ọ̀nù mẹ́rin fún ọdún ńlá wọn. Àtè awọ màlúù ni a fi ń lẹ gbogbo rẹ̀. A ó ra awọ tútù lọ́wọ́ àwọn alápatà, a ó fi í sínú omi, a ó dá iná sí i lábẹ́ jẹ́jẹ́ títí yóò fi di àtè. Ràímì ni Ọ̀gá rán. Ibi ìpẹran jìnnà, oòrùn sì mú. Ràímì yà sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta awọ ọbẹ̀ ní ìtòsí, ó ra pọ̀nmọ́, èyí tí wọ́n ti fi iná sun, tí wọ́n ti fi káún sè. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́, ẹ mọ̀ pé ó dùn. Ṣùgbọ́n awọ tí a ti sè fún ọbẹ̀, agbára rẹ̀ ti bá omi àkọ́sè lọ.

Èmi ni mo ń ro àtè náà lórí iná. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n Ràímì, àtè yìí ń rùn bí ìkòkò ọbẹ̀."

Ó ní, "Ìwọ tí o kàwé, ṣé imú ni wọ́n fi ń lẹ igi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì? Rò ó, Ọlọ́wọ́ Òsì."

Mo rò ó. Àtè náà ki, a lò ó.

Ọjọ́ ọdún, a wọ aṣọ funfun, a gba ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pọ́bẹ̀. Ilé ìjọsìn kún, òrùlé páànù ń jó bí ààrò. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin gbé iṣẹ́ wa sí abẹ́ àgbọ̀n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn náà sì gòkè lọ, ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi gbé ọmọ rẹ̀ sókè kí ó lè gbọ́ dáadáa. Mo wo Ọ̀gá. Ó ti di ojú méjèèjì. Ìgbà náà ni mo gbọ́ "kẹ́rẹ́". Ọ̀kan là ní ìhà. Lẹ́yìn náà èkejì, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ síwájú, okùn rọ̀. Kí wọ́n tó parí orin náà, ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ti là bí èso tó gbó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ dì í ní okùn ìgbẹ́!"

Ọ̀gá dìde, ó gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi agbádá rẹ̀ dì wọ́n bí ọmọ tó kú, ó jáde.

Nílé, ó béèrè pé, "Ta ló ra awọ?"

Ràímì ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, "Ìdòwú ni, Ọ̀gá."

Mo ní, "Ọ̀gá, èmi kọ́!"

Ọ̀gá bu ìyókù àtè tó gbẹ nínú ìkòkò, ó fi kan ahọ́n. Ó ní, "Awọ ọbẹ̀ ni." Kò tún bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ó tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe. Láti ọjọ́ náà, èmi nìkan ni Ọ̀gá ń jẹ́ kó ro àtè, ṣùgbọ́n kò sọ ní gbangba pé n kò jẹ̀bi, Sakẹ́tẹ́ sì ti gbọ́ pé obìnrin ló ba iṣẹ́ Ọ̀gá jẹ́. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ọ̀gá ti dá ọjọ́ fún ìtúsílẹ̀ mi: lẹ́yìn ìkórè. Ó ṣàìsàn kí ìkórè tó dé. Ọkùnrin ni wọ́n ní kó máa tọ́jú rẹ̀, nítorí náà Ràímì ló ń wọlé, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ó kú, a sin ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà oníṣẹ́ igi péjọ sí àgbàlá. Àṣà ni pé bí ọ̀gá bá kú, ọmọ iṣẹ́ àgbà tí a ti tú sílẹ̀ lè tú àbúrò rẹ̀ dípò ọ̀gá. Olórí wọn yíjú sí Ràímì.

"Ràímì, ṣé Ọ̀gá fi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yìí lé ọ lọ́wọ́?"

Mo ti kúnlẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì sókè. Mo ti wọ aṣọ tuntun.

Ràímì kò wo ojú mi. Ó ní, "Ọ̀gá kò fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́. N kò sì lè tú ẹni tó ba àtè jẹ́."

Ẹnìkan nínú àwọn àgbà ní, "Obìnrin kì í kúkú gbẹ́ igi." Wọ́n gbọn ẹ̀wù wọn, wọ́n lọ. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ewúrẹ́ wọ àgbàlá.

Mo lọ sí Pọ́bẹ̀, sí ilé ìyá mi. Mo sọ yàrá ẹ̀yìn di ibi iṣẹ́, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Faransé ní ọ̀sán kí n lè jẹun. Ràímì kò gbẹ́ fíólọ́ọ̀nù mọ́. Ó sọ ibi iṣẹ́ Ọ̀gá di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn, ó sì là. Èmi ń kí igi láràárọ̀. Àwọn aládùúgbò ní orí mi ti dàrú. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹnu ọ̀nà tí a bá tì mọ́ni, ẹ̀yìnkùlé ilé ara ẹni là ń gbà.

Ọkọ̀ ojú irin dúró, kò tún wá mọ́. Òkú píánò tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi òyìnbó nínú àpótí ẹrù, nínú àjà àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó. Okùn ìfun àgùntàn lọ, okùn irin dé. Ohùn rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń kígbe kí ó tó kọrin. Iná mànàmáná dé, ayùn tó ń fi í ṣiṣẹ́ dé. Mo rà á, n kò tijú. Ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kí ata tó jiná. Ṣùgbọ́n kò ní etí. Apá tó kẹ́yìn, mo ṣì ń fi àfọ́kù ìgò ha á.

Lẹ́yìn náà ni fíólọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ dé láti òkè òkun. Àwọn oníṣòwò láti Nàìjíríà ló ń kó wọn gba ẹnubodè. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin aláwàdà kan, gbé ọ̀kan wá sí ìloro mi.

"Ìyá, ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, kí ẹ máa ta èyí. Kí ni ẹ ń fi ìyà jẹ ara yín fún?"

Mo fi ìka kàn án. Mo ní, "Ọmọ mi, ó sùn."

"Ẹ jí i!"

"Kò sun oorun ẹni tó máa jí."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó tà wọ́n, wọ́n sì rà wọ́n. Mo bínú nígbà náà. N kò bínú mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló fi ọ̀kan tó sùn yẹn mọ̀ pé àwọn ń wá ọ̀kan tó jí, wọ́n sì wá mi kàn.

Ohun tó dùn mí ni àwọn ọmọbìnrin. Láti Ahoyéyé, láti Tówẹ̀, ìyá wọn a mú wọn wá. "Ìyá, ẹ gbà á, ó ní òun fẹ́ gbẹ́ igi tó ń kọrin." Màá fi ìka kan pákó lójú ọmọ náà, màá rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń là. Mo mọ ojú yẹn, garawa omi nìkan ni kò sí lórí rẹ̀. Màá sì ní, "N kò lè gbà á. Wọn kò tú mi sílẹ̀."

Ìyá kan ní, "Ẹ kọ́ ọ, ẹ má tú u. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní, "Òun ló máa mọ̀. Èmi ni mo ń sọ fún ọ. Ẹni tí a kò tú, gbogbo ohun tó bá ṣe ni yóò máa wo ẹ̀yìn."

Ọmọ yẹn ń ta epo bẹntiróò inú ìgò lẹ́bàá títì báyìí. Tí mo bá kọjá, ó máa ń kí mi, ó sì máa ń fi ìka kan tábìlì rẹ̀ fún mi kí n gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá inú mi korò, ìyẹn ni ìdáhùn. Kì í ṣe orúkọ tí Ràímì bà jẹ́ ló dùn mí jù. Iṣẹ́ tó fẹ́ bá mi wọ sàréè ni.

Síbẹ̀, ìyanu náà kò fi mí sílẹ̀. Mo ti gbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀, n kò tíì mọ ìdí tí igi fi ń fọhùn. Tí mo bá lẹ ojú mọ́ ìhà, tí mo sì fi ojú kan wo inú rẹ̀ láti ihò gígùn rẹ̀, mo ń rí yàrá kékeré kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀. Mo so okùn, mo fa ọ̀pá, yàrá náà sì ní olùgbé. Láti ibo ló ti wá? Mo kàwé, mo sì ti darúgbó, n kò mọ̀. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tó lè máa ya yín lẹ́nu báyìí títí eyín yín yóò fi ká, ẹ má béèrè ohun tó ń mú wọlé, ẹ dì í mú.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, zẹ́mìjàn kan, alùpùpù akérò, dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọkùnrin arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù náà, ó gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Mo mọ̀ ọ́n kí ó tó yọ fìlà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n Ràímì. Ṣé ilẹ̀kùn ni ẹ wá tà fún mi?"

Ó ní, "Jẹ́ kí n jókòó ná, Ìdòwú." Kò pè mí ní Ọlọ́wọ́ Òsì.

Mo gbé omi fún un. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbé e. Ó gbà á, ó mu ún.

Ó ní, ní ọjọ́ ìgbéyàwó kan ní Sakẹ́tẹ́, ọ̀dọ́ kan ń fa fíólọ́ọ̀nù ní òdìkejì ọ̀nà, òun sì jókòó síwájú ilé ìtajà òun. "Mo rò pé èèyàn ló ń kọrin. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igi. Mo gbọ́ ọ, Ìdòwú. Gbogbo àárọ̀ tí Ọ̀gá ní kí n máa kí pákó, n kò gbọ́ nǹkan kan rí. Mo kàn ń kàn án ni. Ọjọ́ yẹn ni etí mi là. Mo béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní ìyá kan ní Pọ́bẹ̀ ni."

Mo mú àfọ́kù ìgò, mo ń ha pákó tó wà níwájú mi lọ.

Ó ki ọwọ́ sínú agbádá rẹ̀, ó mú aṣọ àtijọ́ kan jáde, ó tú u lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Ọ̀bẹ ni. Irin rẹ̀ ti dúdú, ṣùgbọ́n èèkù rẹ̀, igi awin ni, ó ń dán bí ìgbà tí Ọ̀gá parí rẹ̀. Mo mú un. Ibi tí àtàǹpàkò máa jókòó sí, òdìkejì ló wà. Ìka mi wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan sí ibi tí arúgbó yẹn gbẹ́ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n jókòó, wọn kò mì. Ọlọ́wọ́ òsì nìkan ló lè lo ọ̀bẹ yẹn. Ẹnìkan ṣoṣo ló sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ní ilé Ọ̀gá.

Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiwa ju ogún lọ. N kò dárí jì í. Kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ pé mo dárí jì í. N kò tíì dá a lóhùn pàápàá, mo ní kó lọ sílé, kó padà wá lẹ́yìn ìkórè. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí fún ara mi pé ohun tó sọ ni n ó kọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, láìfi ọ̀rọ̀ mi kún un. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó di tábìlì mi mú, ó sì fi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún kúnlẹ̀ sínú èèpo igi tó wà nílẹ̀. Ó ní:

"Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá gbẹ́ kó tó kú, ó ní kí n gbé e fún ọ níwájú àwọn àgbà. Mo wá ọ̀bẹ tèmi nínú yàrá rẹ̀, mo tú gbogbo ẹrù rẹ̀, kò sí. Irọ́ ni ohun tí mo sọ nípa Àjàṣẹ́, kò tú mi sílẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn lo ti gba ìtúsílẹ̀, Ìdòwú, èmi ni n kò gbà á. Ìwọ nìkan ló kù tó lè tú mi. Jọ̀wọ́, tú mi sílẹ̀ kí n tó lọ bá a."